"Lé e bá" kò tíì yà á

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi. Àbúrò wa tó wà ní Ifẹ̀ túmọ̀ ìtàn eré ìje 4x400, tí ẹni mẹ́rin máa ń sá tẹ̀ léra, èyí tí àwọn ọkùnrin Nàìjíríà sá ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Sydney lọ́dún 2000. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé Enefiok Udo-Obong, tó sá kẹ́yìn fún Nàìjíríà, "caught up with" àwọn ará Jàmáíkà àti Bàhámà, "ó kọjá wọn" ni àbúrò kọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ fún un, wọ́n sì dá "bádọ́gba" sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Òótọ́ lẹ sọ pé "kọjá" ò bá a mu, ṣùgbọ́n a ní ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti pẹ́ tó ti wà lẹ́nu wa. "Lé bá" ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ifẹ̀ padà sí Ilésà. Bí a ṣe ń sún mọ́ Òṣù la kan tírélà kan tó kó gẹdú, tó ń rá pálá gun òkè. Dẹ́rẹ́bà wa tẹná títí mo fi ń rí èèpo igi tó ń ṣí lára gẹdú náà. Ó ní, "Mo ti lé e bá báyìí, ẹ jẹ́ kí n yà á." Ìyá tó jókòó níwájú mi di àga mú, wọ́n figbe ta: "Bó o ṣe lé e bá yẹn ti tó! Má yà á o, kọ́nà ló wà níwájú yẹn!" Ọmọkùnrin náà rọra tẹ̀ lé e títí a fi bọ́ sójú ọ̀nà tó tẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ìtumọ̀ nínú wa. Bó o bá lé ọkọ̀ bá, o ti dé ìdí rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó o bá yà á, ẹ̀yìn rẹ ló wà. Èkejì yìí làwọn awakọ̀ ń pè ní ófátéèkì, n ò sì tíì gbọ́ kí wọ́n pe ti àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ àdúrà tí àwọn àgbà máa ń ṣe fún ọmọ tó pẹ́ kó tó ríṣẹ́: "O ó lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá, o ó sì kọjá wọn." Bó bá jẹ́ pé "kọjá" ti wà nínú "lé bá", kí la tún ń fi ìdajì kejì ṣe? Ẹ̀ẹ̀mejì la sì ń ṣe àmín sí i.

Àwa ará Ilésà gan-an ló yẹ kó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn òṣómàáló, àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri, bí onígbèsè bá sá lọ sóko, wọn á lé e bá lóko. Tí wọ́n bá wá lé e bá ńkọ́? Wọn kì í kọjá rẹ̀. Wọn á lóṣòó síwájú rẹ̀ títí owó á fi jáde. Ibẹ̀ lorúkọ wọn ti wá.

Ní ti "bádọ́gba", ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò lè lò ó fún ẹnì kan láìjẹ́ pé ẹ là á sí méjì: "ó bá a dọ́gba." Bó ti là báyìí, ó ti di ọ̀rọ̀ tá à ń sọ lójoojúmọ́ nípa gíga tàbí ọjọ́ orí. Ìbejì lè dọ́gba láìsí ẹni tó sáré nínú wọn. Bó bá sì jẹ́ ti eré tí ẹnikẹ́ni ò jẹ, àwọn ọlọ́pọ́n ayò ti fún wa ní "ọ̀mì". Eré sísá ló wà nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, òun náà ló wà nínú "lé". Kódà, àwọn ará Ìlú Ọba máa ń sọ pé "catch him up", wọ́n á fi ẹni tí wọ́n ń lé sáàárín, gẹ́lẹ́ bí àwa ṣe ń fi "e" sáàárín "lé e bá". Ó dùn mọ́ mi gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sábà máa ń fi í sẹ́yìn.

N ò sọ pé "lé bá" máa gba gbogbo ẹ̀ o. Ọmọ tí àìsàn dá dúró nílé, tó wá ń gbìyànjú níléèwé, "ó fẹ́ bá ẹgbẹ́ pé" ni. Ọ̀rẹ́ tó ní ká wá "catch up", tàkúrọ̀sọ ló ń fẹ́. Ilẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ ṣú bá wa lọ́nà, kò lé wa. Lójú tèmi, "bá" kan náà yìí ló mú ká máa sọ "I can't meet up" nínú Gẹ̀ẹ́sì tiwa, torí pé ẹni tá a bá nílé àti ẹni tá a lé bá, "bá" kan ṣoṣo la ní fún wọn.

Àbúrò, ìparí ìtàn tìrẹ ló wá fi ọwọ́ ọ̀rọ̀ náà lé wa lọ́wọ́. Fàdákà ni Nàìjíríà gbà ní Sydney, àwọn ará Amẹ́ríkà ló gba wúrà. Ní 2008, ọ̀kan nínú wọn jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí wọ́n kà léèwọ̀. Wọ́n gba wúrà náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gbé e fún Nàìjíríà ní 2012. "Caught up with" kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì tún lò níbẹ̀, o sì kọ ọ́ pé "ìwà wọn àtijọ́ mú wọn". Kò burú, ṣùgbọ́n o mọ òwe tó ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Fi "kọjá" síbẹ̀ wò. Bí òtítọ́ bá kọjá irọ́, irọ́ á ráyè sá padà sẹ́yìn.

Nítorí náà, bí mo ṣe fẹ́ kó o tún ti Udo-Obong kọ rèé: "Ó lé wọn bá, ó sì yà wọ́n." Méjèèjì ló ṣe lọ́jọ́ náà.