Ọ́fíìsì Broad Street: ṣé íméèlì ló yẹ kó ṣáájú ni, àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì?

Alájà Mẹ́ta
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé alájà mẹ́ta ni ọ́fíìsì wa, òṣìṣẹ́ 42. Exchange 2010 la fi ń gba íméèlì, orí Windows Server 2008 R2 ló wà. Àpótí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó 8 GB. Switch wa, ẹ̀rọ tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, kò kọjá 100 Mbps, Cat5 ni wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lára ògiri. Owó kò ní wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ni kó ṣáájú?

Onísáfà Yábàá
Íméèlì ni o! Microsoft ti fọwọ́ kúrò lára 2008 R2 láti oṣù kìíní 2020, ó sì fọwọ́ kúrò lára Exchange 2010 ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ihò tí olè bá rí níbẹ̀ lónìí, kò sẹ́ni tó máa dí i. Ẹ má sì fi Exchange 2019 rọ́pò rẹ̀, ìtọ́jú tirẹ̀ náà ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Fún èèyàn 42, Microsoft 365 tàbí Google Workspace, tí íméèlì ti ń gbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì dípò inú ọ́fíìsì, ló bá yín mu.

Ẹ ṣírò kí ẹ tó gbé e: 42 lọ́nà 8 GB jẹ́ 336 GB. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń gbé 20 Mbps jáde, á gba nǹkan bíi wákàtí 37, ìyẹn bí kò bá já rárá. Kò sì ní ṣàì já. Ẹ máa kó àwọn íméèlì àtijọ́ lọ lóru, kó má ku ju ti ọjọ́ mélòó kan lọ fún òpin ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa yí MX, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ sáfà tí íméèlì yín máa lọ. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ sọ TTL rẹ̀ (iye ìṣẹ́jú àáyá tí àwọn ẹlòmíì fi ń rántí àkọsílẹ̀ náà) di 300. Bó bá wà ní 86400, àwọn oníbàárà kan á ṣì máa kọ̀wé sí sáfà àtijọ́ fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí sáfà àtijọ́ wà ní títàn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

SPF (àkọsílẹ̀ àwọn sáfà tó láṣẹ láti fi íméèlì ránṣẹ́ ní orúkọ yín) kan ṣoṣo ni kó wà lórí orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì yín. Bó bá di méjì, asán ni méjèèjì. Ẹ tan DKIM (ìbuwọ́lù tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni íméèlì ti wá), kí ẹ fi DMARC (ìlànà ohun tí wọ́n máa ṣe sí íméèlì tó bá kùnà àyẹ̀wò) sí p=none ná, ìyẹn kí wọ́n má tíì dá nǹkan kan dúró.

Ohun táwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí íméèlì, àti ẹ̀rọ ìṣírò owó tó ń fi invoice ránṣẹ́. Sáfà àtijọ́ ni wọ́n ń gbà kọjá. Ọjọ́ tí ẹ bá pa á ni wọ́n máa dákẹ́. Outlook 2010 náà kò lè wọ Microsoft 365 mọ́.

Oníwáyà Òṣòdì
Òótọ́ ni Yábàá sọ, ṣùgbọ́n ẹ wá íntánẹ́ẹ̀tì kejì kí ẹ tó yí MX. Tí íméèlì bá ti kúrò nílé, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì lọ, ẹni tó wà lájà kìíní kò ní lè kọ̀wé sí ẹni tó wà lókè rẹ̀. Kí ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ síra pẹ̀lú: bí ọ̀kan bá jẹ́ fáíbà, kí èkejì jẹ́ ti rédíò tàbí sátẹ́láìtì. Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan ní oṣù kẹta 2024, fáíbà méjì kò ran ẹni tí méjèèjì gba wáyà kan náà kọjá lọ́wọ́.

Alájà Mẹ́ta
Ẹ ṣeun gan-an. Cat5 yẹn ńkọ́, ká tú gbogbo rẹ̀ ni?

Oníwáyà Òṣòdì
Ẹ má tíì tú u. Switch gigabit ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, Cat5 tó dára lè gbé 1 Gbps bí okùn mẹ́jọ inú rẹ̀ bá so mọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Èyí tí wọ́n pín sí méjì fún kọ̀ǹpútà méjì kò ní kọjá 100. Àwọn yẹn nìkan ni kí ẹ fi Cat6 pààrọ̀. Tí ẹ bá dé Computer Village, ẹ fi ọ̀bẹ fá orí wáyà kí ẹ tó sanwó: bàbà gidi pupa dénú, CCA (alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò) funfun nínú. CCA máa ń kán lẹ́nu, ó sì máa ń gbóná tí iná tó ń lọ sí kámẹ́rà bá ń gba inú rẹ̀ kọjá.