Àpò káàdì aboyún tí mo rán, nọ́ọ̀sì fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Kòrédé
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ má bínú, inú ló ń bí mi. Aránṣọ ni mí, Òṣogbo ni mo wà, mo sì wà nínú oyún. Lóṣù tó kọjá, òjò ká mi mọ́ orí ọ̀kadà nígbà tí mò ń ti ìwòsàn bọ̀. Ó pa báàgì mi, ó pa káàdì mi. Mo ní kò burú, aránṣọ ṣáà ni mí, màá rán àpò fún un.

Àǹkárá tó ṣẹ́kù nínú aṣọ ìgbéyàwó àbúrò mi ni mo lò, aláwọ̀ ewé tó ní ẹyẹ ọ̀kín. Mo fara balẹ̀ gé e kí ẹyẹ náà lè bọ́ sí àárín gẹ́ẹ́. Mo fi láínì pupa sí i nínú, mo fi sítéè líle sáàárín kó má baà wó, mo rán ojú àpò méjì sínú rẹ̀, ọ̀kan fún káàdì mi, ọ̀kan fún káàdì àjẹsára Kòrédé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, aṣọ oníbàárà sì wà nílẹ̀ o!

Ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ rí i, wọ́n ní èmi nìkan làwọn rí tó ń dáṣọ fún bébà. Mi ò fèsì. Èyí tó wá dùn mí wọra ni ti nọ́ọ̀sì lọ́jọ́rú. Lójú gbogbo aboyún tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé àpò mi sókè, ó ní, "Ẹ wá wo ìyá oge. Àpò wà, ibi tá a máa kọ̀wé sí ni kò sí." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti bí Kòrédé ni obìnrin yìí ò ti fẹ́ràn mi.

Ìbéèrè mi rèé: irú náílọ́ọ̀nù wo ni mo lè fi bo àpò náà tí omi ò fi ní wọlé? Èyí tí mo rà lọ́jà ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ maṣíìnì, kì í lọ rárá. Mo fẹ́ máa rán an tà, èèyàn méjì ti béèrè.

Àdùnní Oníbáàgì
Èyí tí wọ́n fi ń bo tábìlì ni kó o rà, tó nípọn díẹ̀. Má fi píìnì mú un o, ihò tí píìnì bá lu kì í dí mọ́. Péègì tá a fi ń sá aṣọ lèmi fi ń há a. Tó o bá fẹ́ rán an, tẹ́ bébà sórí rẹ̀ àti sábẹ́ rẹ̀, kò ní lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ maṣíìnì. Tó o bá parí, kó o fa bébà náà ya kúrò. Jẹ́ kí abẹ́rẹ́ máa fo jìnnà díẹ̀, tó bá sún mọ́ra jù, ojú ìrán yẹn gan-an ló máa ya. Má sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Èmi gbé e lé e lọ́jọ́ kan, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́.

Màmá Ìbejì
Omi kọ́ lẹ̀yin ń bẹ̀rù, eku ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Eku jẹ káàdì Táyé kù díẹ̀ bí àtàǹpàkò, kò fọwọ́ kan ti Kẹ́hìndé! A ò mọ̀ mọ́ bóyá Táyé ti gba ti ọ̀sẹ̀ 14. Bàbá wọn ní ó ti gbà á, èmi ní Kẹ́hìndé nìkan ló gbà á torí ibà ń ṣe Táyé lọ́jọ́ náà. Ìjà di ńlá. Inú rẹ́jísítà wọn la padà lọ wò ó. Èmi ló jàre.

Bọ̀dé Ìbàdàn
Kí lẹ ń dààmú ara yín fún? Ẹ gbé káàdì lọ fún àwọn oní-fọ́tókọ́pì, kí wọ́n láminéètì rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìwé ẹ̀rí wáẹ́ẹ̀kì mi ti lé lógún ọdún nínú láminéètì, digbí ló wà.

Nọ́ọ̀sì Bísí (ti fẹ̀yìntì)
Bọ̀dé, a kì í wọn ìfúnpá ìwé ẹ̀rí wáẹ́ẹ̀kì rẹ lóṣooṣù. Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ láminéètì káàdì aboyún. Gbogbo ìgbà tó bá wá la ń kọ ìfúnpá, ìwọ̀n ara, àyẹ̀wò ìtọ̀ àti bí ọmọ ṣe ń dàgbà sí i. Ti ọmọ náà bẹ́ẹ̀ ni: ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9, oṣù 15, a gbọ́dọ̀ kọ déètì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé orí náílọ́ọ̀nù ni báírò á ti kọ ọ́?

Ìyá Kòrédé, oyún yìí tó oṣù mélòó? Kí sì ni nọ́ọ̀sì yẹn fẹ́ kọ tí kò ráyè kọ?

Ìyá Kòrédé
Àdùnní, o ṣé gan-an, màá dán ti bébà yẹn wò. Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, ó ti wọ oṣù keje. Ìwà ìgbéraga rẹ̀ ni mò ń sọ o, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé bó ṣe yẹ kí wọ́n máa bá aboyún sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, síìpù ló dára jù ni àbí bótìnnì?

Àlàkẹ́ London
Síìpù o. Tí o bá gbé ọmọ lọ́wọ́ kan, bótìnnì á dá ẹ lóró. Ìwé pupa ni wọ́n ń fún ọmọ níbí, gbogbo abẹ́rẹ́ àti ìwọ̀n rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Òfì tó ṣẹ́kù nínú gèlè màmá mi ni mo fi rán àpò tèmi. Ó le, ó ṣẹ́ abẹ́rẹ́ maṣíìnì mi méjì, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì òyìnbó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Mo rí tàwọn ará Japan náà lórí YouTube. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún ìyá àti ọmọ, àpò tí wọ́n ń rán fún un sì pọ̀ bí nǹkan míì.

Ìyá Àgbà Ṣàgámù
Ẹ dúró ná. Kòrédé ọmọ ọdún mélòó?

Ìyá Kòrédé
Ọdún kan àti oṣù méjì, mà.

Ìyá Àgbà Ṣàgámù
Háà! Oyún sì ti wọ oṣù keje? Ṣé kò sí ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní Òṣogbo ni? Ara yẹn ò tíì sinmi o, ìwọ ń to ẹyẹ ọ̀kín sáàárín aṣọ.

Ìyá Kòrédé
Mà, ẹ má bínú, bí mo ṣe ń bímọ kọ́ ni mo béèrè. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́, a ò tọrọ jẹ.

Màmá Ìbejì
Ìyá Àgbà ò bú ẹ o, àbúrò. Ìbejì tèmi gan-an, ọdún kan ààbọ̀ ni àbúrò wọn fi tẹ̀ lé wọn, ojú mi rí màbo.

Nọ́ọ̀sì Bísí (ti fẹ̀yìntì)
Ìyá Kòrédé, mo tún béèrè. Kí ló dé tí kò fi ríbi kọ̀wé sí?

Ìyá Kòrédé
Ó dáa. Lẹ́yìn òjò yẹn, mo sá káàdì náà gbẹ, mo bá gbé e lọ láminéètì. Méjèèjì, tèmi àti ti Kòrédé. Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé ẹ máa bá mi wí. Kó lè pẹ́ ni mo ṣe ṣe é. Omi ti kúkú fọ apá kan rẹ̀ kí n tó gbé e lọ. Níbi tí wọ́n kọ irú ẹ̀jẹ̀ mi sí, mo ṣì rí O, èyí tó tẹ̀ lé e ni yíǹkì rẹ̀ ti ṣàn. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀jẹ̀ èèyàn kì í yí padà, àbí?

Nọ́ọ̀sì Bísí (ti fẹ̀yìntì)
Kì í yí padà. O pọ́sítíìfù ni àbí O négátíìfù? Nígbà tó o bí Kòrédé, ǹjẹ́ wọ́n ní kẹ́ ẹ wá abẹ́rẹ́ olówó ńlá kan rà kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé?

Ìyá Kòrédé
Bẹ́ẹ̀ ni! Ìbàdàn ni bàbá Kòrédé ti lọ rà á. Owó tá a fẹ́ fi ra maṣíìnì oníná ló bá a lọ. Èmi rò pé torí ẹ̀jẹ̀ tó dà lára mi ni.

Nọ́ọ̀sì Bísí (ti fẹ̀yìntì)
Ẹ dá ọ̀rọ̀ síìpù dúró. Ọmọ mi, gbọ́. Pẹ̀lú ohun tó o sọ yìí, ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ tìrẹ jẹ́ négátíìfù, ti Kòrédé sì jẹ́ pọ́sítíìfù. Tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá kan tìyá lọ́nà bẹ́ẹ̀, ara ìyá lè kọ́ bó ṣe máa gbógun tì í. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé e ló sì máa ń fara gbá a. Ohun tí abẹ́rẹ́ olówó ńlá yẹn wà fún nìyẹn. Wọ́n máa ń fún aboyún ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28, wọ́n á tún fún un láàárín wákàtí 72 tó bá bímọ tán, tí ọmọ náà bá jẹ́ pọ́sítíìfù. Ìwọ sì ti wọ oṣù keje! Lọ lọ́la, má dúró de ọjọ́ ìwòsàn. Sọ fún wọn nípa abẹ́rẹ́ ìgbà Kòrédé. Kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ yẹ̀ wò, kí wọ́n sì wò ó bóyá ara rẹ ti ń bá ọmọ jà. Àkọsílẹ̀ rẹ wà nínú rẹ́jísítà wọn, wọ́n á fi ṣe káàdì mìíràn fún ẹ.

Bọ̀dé Ìbàdàn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ yẹn o.

Àdùnní Oníbáàgì
Ìyá Kòrédé, o wà níbẹ̀? Ṣé o ti lọ?

Ìyá Kòrédé
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́rin o. Mo ti lọ. Nọ́ọ̀sì yẹn náà ni mo bá lẹ́nu iṣẹ́. Kí n tó kúnlẹ̀ ló ti ní òun ti ń wá mi, òun ò mọ ilé mi ni, àti pé ọjọ́rú yẹn, mo ti bínú jáde kí òun tó sọ̀rọ̀ tán. Òótọ́ ni, mo bínú jáde. Mi ò sọ ìyẹn fún yín.

O négátíìfù ni mí. Wọ́n kọ̀wé fún mi lọ sọ́sibítù ìjọba, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ara mi ò tíì bá ọmọ jà. Wọ́n ti fún mi ní abẹ́rẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́.

Wọ́n ti ṣe káàdì tuntun fún mi. Báírò pupa ni nọ́ọ̀sì fi kọ négátíìfù sí i gàdàgbà, ó fa ilà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ti Kòrédé náà, wọ́n ṣe òmíràn, oṣù tó ń bọ̀ ló máa gba ti oṣù 15. Ó wá gbé àpò mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó tún síìpù rẹ̀ fà, ó ní èló ni mò ń tà á. Mo ní ọ̀kín ti tán o, aláwòrán adìyẹ ló kù. Ó ní kí n rán méjì.

Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ kí n bí èyí ná, mà.