Ta ló ti lo Argireline fún ìlà iwájú orí?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo pé ọdún 46 lóṣù tó kọjá. Tẹ́lẹ̀, àyàfi tí mo bá fajú ro kí ìlà tó hàn níwájú orí mi. Ní báyìí, bí mo bá jí láàárọ̀, mẹ́ta ti wà níbẹ̀ gbọnrangandan, ó sì ń dùn mí.

Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ Botox ń bà mí, n kò ní gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo Argireline, peptide (ègé purotéènì kékeré) tí wọ́n ń fi sínú ìpara ojú, tí wọ́n ń kọ sára ìgò ní acetyl hexapeptide-8. Ó jọ apá kan lára SNAP-25, purotéènì tí nẹ́ẹ̀fù ń lò láti ránṣẹ́ sí iṣan ojú pé kó sún kì. Botox ń gé purotéènì yìí. Ti peptide, ààyè ló ń bá a dù. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé omi ni peptide yìí fẹ́ràn, ọ̀rá sì pọ̀ lókè awọ. Ṣé ó tiẹ̀ ń wọlé dé ọ̀dọ̀ iṣan?

Mò ń lo tretinoin 0.025%, ìpara tó jẹ́ ẹbí Vitamin A, lálẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo sì ń fi sunscreen lójoojúmọ́. Awọ mi dúdú, ó máa ń yára ní àpá tí nǹkan bá ta á, n kò sì fẹ́ fi kún tretinoin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó ju oṣù mẹ́ta lọ, ṣé ìlà yín rọ̀ lóòótọ́, àbí ó kàn mú awọ tutù ni? Ṣé kí n máa fi í láàárọ̀? Matrixyl, peptide mìíràn tí wọ́n ń fi sínú ìpara, ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ fojú ara yín rí ni kẹ́ ẹ sọ fún mi.