Ẹ̀yin ẹ̀ǹjíníà kọ̀ǹpútà, báwo lẹ ṣe ń bá ayé yìí lọ?

Ọmọ Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o. PHP tí wọ́n fi ń kọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì àti MySQL tó ń tọ́jú dátà ni mo fi ń jẹun látìgbà tí mo ti jáde yunifásítì, àmọ́ ní báyìí gbogbo ibi tí mo bá wáṣẹ́ dé n'Ìbàdàn, cloud (kọ̀ǹpútà àyálò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ni wọ́n ń bèèrè, AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) ni wọ́n ń bèèrè, àyà mi ti ń já. Ṣé kí n padà sí A B D ni?

Ìyá Mókọ́lá:
Má pa nǹkankan tì jàre. SQL tóo mọ̀ yẹn, èdè tí wọ́n fi ń bá MySQL sọ̀rọ̀, àwọn ọdún 1970 ló ti wà, báńkì ṣì ń lò ó dòní. COBOL, èdè kọ̀ǹpútà tó ti wà láti 1959, gan-an ò tíì kú. Tóo bá fi EXPLAIN (àṣẹ tó ń fi ọ̀nà tí MySQL máa gbà wá dátà hàn) síwájú query, ìyẹn ìbéèrè dátà, tó ń fà, tóo wá rí i pé gbogbo tábìlì ló ń kà torí kò sí index (atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí ohun tó ń wá), ìmọ̀ yẹn á wúlò lórí cloud yòówù.

Bàbá Sángò:
Òótọ́ ni, àmọ́ má jókòó tẹtẹrẹ o. Kọ́ Docker, tó ń di ètò kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó nílò láti ṣiṣẹ́, kó iṣẹ́ PHP tóo ti ní sínú ẹ̀. AI náà, lò ó, ṣùgbọ́n ka gbogbo ìlà tó bá kọ dáadáa, ó máa ń pe function (ègé kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan) tí ò sí níbì kankan!

Ọmọ Bódìjà:
Ẹ ṣé gan-an ni sà. Láptọ́ọ̀pù mi ò ju 4GB RAM lọ, ṣé á gbé Docker?

Bàbá Sángò:
Fi Linux sí i dípò Windows láti máa darí ẹ̀, á gbé e. Windows ló máa dà ẹ́ láàmú.