Ìdí tírákítọ̀ mi kékeré ń gbé kúrò nílẹ̀: ìwúwo wo ni kí n so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀?

Àgbẹ̀ Ìjerò: Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ oko, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, kò sì jẹ́ kí n sùn lánàá. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ra tírákítọ̀ kékeré kan, tòkúnbọ̀ láti Japan, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 24, nítorí pé owó tí àwọn tí ń kó ìgbẹ́ adìyẹ fún mi ń gbà kò yé lé sí i, tí wọ́n sì máa ń pa mí tì bí iṣẹ́ iṣu bá ti dé. Ẹni tí ó tà á fún mi fi orí ara rẹ̀ búra pé kò sí ohun tí ṣọ́bìrì iwájú rẹ̀ kò lè gbé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kó ìgbẹ́ tútù kún un tí mo gbé e sókè, ìdí tírákítọ̀ a gbéra nílẹ̀, táyà ẹ̀yìn a máa yí lásán, táyà iwájú a sì rì bí ẹni pé ó fẹ́ bẹ́. Mẹkáníìkì gba owó mi, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Àbúrò ìyàwó mi sọ lójú àwọn òṣìṣẹ́ pé mo da owó sómi, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dọ́kàn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀?

Ìyá Adìyẹ: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Bárò ni èmi fi ń kó tèmi, nítorí náà n kò mọ̀ nípa tírákítọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbẹ́ adìyẹ. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́búlẹ́bú pákó tí mo tẹ́ sílẹ̀ rin gbingbin, àwọn òṣìṣẹ́ mi kò sì lè ti bárò tó kún dé ẹnu ọ̀nà, kí a tó rí i pé inú ike omi àwọn adìyẹ ni omi ti ń jò. Ẹ yẹ ike omi yín wò. Ṣé ilẹ̀ yín tẹ́jú, àbí ó dagun?

Onítáyà Ìjẹ̀bú: Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ẹ rọ omi sínú táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹ yí táyà kí ẹnu tí a fi ń fẹ́ ẹ wà lókè pátápátá, kí ẹ rọ omi títí yóò fi dé ibẹ̀, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí afẹ́fẹ́ gba ìyókù. Lítà kan, kílò kan ni.

Bàbá Oko Georgia: Níbi tí mo wà ní Amẹ́ríkà, omi lásán a máa di yìnyín nínú táyà, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń po iyọ̀ calcium chloride mọ́ ọn, iyọ̀ náà a sì jẹ rímù bí túbù bá jò. Èyí kò kàn yín ní Èkìtì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: omi inú táyà yóò di ìdí tírákítọ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ kò ní gba kílò kan kúrò lọ́rùn ásù iwájú, ìyẹn irin tí ó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, nítorí pé orí táyà ẹ̀yìn gan-an ni ó jókòó sí. Ohun tí a bá gbé kọ́ sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn ni ó ń ṣe méjèèjì, bí ìgbà tí ọmọdé jókòó sí ìdí pákó tí ìkejì sì gbé sókè. Ǹjẹ́ epo kò máa jò ní ìdí táyà iwájú?

Onítáyà Ìjẹ̀bú: Ó pẹ́ tí mo ti ń rọ omi sí táyà katakata, kò sí oníbàárà tí ó padà wá bá mi jà.

Bàbá Oko Georgia: N kò sọ pé kò dára, ẹ̀gbọ́n. Mo ní kò tó fún ẹni tí ó ń fi iwájú gbé ẹrù.

Àgbẹ̀ Ìjerò: Mo dúpẹ́. Ike omi mi kò jò. Ilẹ̀ mi dagun díẹ̀, láti ilé adìyẹ lọ sí ibi tí a ń kó ìgbẹ́ jọ sí. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo kàn ń wa nǹkan yìí láìronú: àpò yanrìn méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a fi okùn dè, bí ẹrù bá sì pọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 16, a dúró lórí apá irin ẹ̀yìn tí a fi ń so irinṣẹ́ mọ́ tírákítọ̀, a di ìjókòó mi mú. Rótáfétọ̀, irinṣẹ́ tí ń tú ilẹ̀, tí ó bá tírákítọ̀ wá ni mo tú kúrò kí ó lè fúyẹ́, ọkùnrin mẹ́rin ni ó gbé e wọ inú ṣẹ́ẹ̀dì.

Ìyá Adìyẹ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọmọ yẹn kalẹ̀ lónìí! Ọmọ kì í ṣe àpò yanrìn. Bí ẹ bá tú ṣọ́bìrì dà lójijì, ìdí tírákítọ̀ yóò já lulẹ̀, ta ni yóò wà lábẹ́ táyà?

Jórinjórin Ìwó: Ìyá Adìyẹ ti sọ òótọ́, n kò ní tún un sọ. Ẹ fetí sí èyí pẹ̀lú: lára ọ̀pọ̀ tírákítọ̀ kékeré, táyà ẹ̀yìn nìkan ni búrékì ń dì mú. Nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá gbéra nílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó dagun, ẹ kò ní búrékì mọ́ àfi bí ẹ bá fi jíà tí ń fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i. Ìwúwo tí ẹ ń wá kiri, ṣẹ́ẹ̀dì yín ni ó wà. Ẹ so rótáfétọ̀ náà padà, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó máa yí. Bí kò bá tó, ẹ gé àgbá 200 lítà sí méjì, ẹ fi irin nínípọn la inú ọ̀kan kọjá níbi tí apá ẹ̀yìn méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ yóò ti mú un, ẹ jó irin kan sókè fún apá kẹta, èyí tó wà lókè, kí ẹ tó da kọnkéré kún un. Yóò wúwo tó 240 kílò. Ẹ kọ́kọ́ wo inú ìwé rẹ̀ kí ẹ mọ iye tí apá ẹ̀yìn lè gbé. Bí ẹ bá ń gòkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ kọjú sókè. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn rìn, kí ṣọ́bìrì wà nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀.

Onítáyà Ìjẹ̀bú: Mo fara mọ́ ti ọmọ yẹn. Kí ó sọ̀ kalẹ̀ ná, kí a tó máa jiyàn omi.

Àgbẹ̀ Ìjerò: Ó ti sọ̀ kalẹ̀. Mo pè é, mo sì sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ gun ibẹ̀ mọ́, kódà bí èmi fúnra mi bá rán an. Bàbá Oko, n kò dá yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan: epo ti ń jò ní ìdí táyà iwájú ọ̀tún láti ọ̀sẹ̀ méjì, mo rò pé ti ọjọ́ orí rẹ̀ ni.

Bàbá Oko Georgia: Ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo jò, ni ẹrù ti fọ́. Ẹ má gbé ohunkóhun títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wo bóyá epo inú ásù ti lọ sílẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìjerò: Mo gbọ́. Bárò ni a ó fi kó ti ọ̀sẹ̀ yìí. A ti gbé rótáfétọ̀ jáde, píìnì apá òkè ni a kò rí. Jórinjórin, báwo ni píìnì náà ṣe nípọn tó, kí n lè rà á ní ọjà lọ́la?