Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ fi AR to ẹ̀rọ ká tó gé irin

Ọmọ Ládípọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ là ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Mushin. FreeCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya ẹ̀rọ, ni mo fi yà á. Àwọn wẹ́dà wa mọṣẹ́ gan-an, àmọ́ àwòrán orí ìwé kì í jẹ́ kí wọ́n rí bí nǹkan ṣe máa wọnú ara wọn. Wọ́n á ti jó férémù tán kó tó hàn pé rólà ò ráyè wọlé mọ́. Mo fẹ́ lo AR, èyí tó ń gbé àwòrán kọ̀ǹpútà sórí ohun gidi tí kámẹ́rà bá ń rí, ká lè to gbogbo ẹ̀ lójú ká tó náwó sórí irin. Fóònù Android ló wà nílẹ̀, owó awò AR tí wọ́n ń wọ̀ sójú ò sí. Kí ni kí n lò?

Akọ́ṣẹ́ Akọka: Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé awò. HoloLens, awò AR tí gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ, Microsoft ti ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ láti 2024. Fóònù yín tó, bó bá ti wà lára àwọn tí ARCore, ètò Google tó ń jẹ́ kí fóònù Android ṣe AR, ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ yẹ àtòkọ wọn wò kí ẹ tó lọ ra òmíràn ní Computer Village.

Ẹ gbé àwòrán náà láti FreeCAD sínú Blender, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń tún àwòrán 3D ṣe, ẹ yọ ohun tí ojú ò nílò (eyín ara bóòtù, lẹ́tà ara béárìn), kí fáìlì má baà wúwo jù fún fóònù, kí ẹ wá fi pamọ́ ní GLB, irú fáìlì àwòrán 3D kan. Model-viewer, ọ̀fẹ́ ni, Google náà ló ṣe é, á gbé e sórí ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù. Wẹ́dà á kàn tẹ líǹkì tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ ṣọ́ òdiwọ̀n o: milimítà ni FreeCAD ń lò, mítà ni GLB. Bí ẹ ò bá wo ibẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ yín lè ga ju ilé lọ. Kí ẹ sì ti ìwọ̀n rẹ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má lè fi ìka fẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ẹ̀rọ: Àbúrò mi Akọ́ṣẹ́ sọ òótọ́, ṣùgbọ́n wíwò nìyẹn, kì í ṣe títò. Iṣẹ́ títò wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lo AR fún: Caudell àti Mizell, àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ Boeing, ní 1992, fẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa rí ọ̀nà tí wáyà ọkọ̀ òfurufú máa gbà. Nítorí náà, ẹ ya ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú Blender, kó máa wọlé níkọ̀ọ̀kan: férémù, béárìn, rólà, púlì, bẹ́líìtì, ẹ́ńjìnnì gbẹ̀yìn. Kí ẹnì kan gbá fóònù mú, kí ẹlòmíràn fi sípánà gidi dé ibi bóòtù kọ̀ọ̀kan. Ṣé ọwọ́ ráyè? Ṣé sípánà lè yí? Ìbéèrè yìí ni AR mọ̀ ọ́n dáhùn jù.

Bàbá Bóòtù: Kí ẹ má fi wọn ihò o! Àwòrán AR lè yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ bá ti ń rìn yí i ká. Bí béárìn ṣe bá ilé rẹ̀ mu, inú FreeCAD ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun mìíràn: ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí epo ti sọ di dúdú, tó ń dán, kámẹ́rà kì í rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀. Kí ẹ sì ṣe é lọ́sàn-án, torí iná ìjọba.

Ọmọ Ládípọ̀: Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé sà. Ṣé kí n kọ́ Unity, ètò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù àti áàpù, ni?

Akọ́ṣẹ́ Akọka: Kò tíì yá, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ bọ́tìnnì fún ìpele kọ̀ọ̀kan, model-viewer lè dá àwòrán tó ń rìn dúró, kó sì tún tẹ̀ síwájú. Bí àwọn wẹ́dà bá wá ń béèrè pé kí ẹ̀yà máa tẹ̀lé ọwọ́ wọn, ìgbà yẹn ni Unity pẹ̀lú AR Foundation, irinṣẹ́ AR tó wà fún Unity, kàn.

Ìyá Ẹ̀rọ: Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì to irú ẹ̀ rí ni kí ẹ kọ́kọ́ fún, kí ọ̀gá má sọ̀rọ̀ rárá. Ibi tó bá ti dúró tó ń wo ojú yín, ẹ padà sínú FreeCAD, ẹ tún ibẹ̀ yà.