Lẹ́ńsì 50mm ni àbí fíláàṣì: èwo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí fọ́tò. Kámẹ́rà Canon 700D ni mo ń lò, pẹ̀lú lẹ́ńsì 18-55mm tó bá a wá. Ní ọ̀sán gangan, kò sí wàhálà. Inú gbọ̀ngàn àríyá alẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà: iná aláwọ̀ mèremère níhìn-ín, òkùnkùn lọ́hùn-ún, ìyàwó ń jó wọlé, ta ló máa ní kó dúró?

Mo gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fi ojú sí ìmọ́lẹ̀ tó) dé 3200, fọ́tò ń ṣe wínníwínní. Mo dín ìyára shutter (ìdérí tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀) kù sí 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, ẹsẹ̀ àwọn oníjó di èéfín. Ní 55mm, níbi tó ti ń fa nǹkan súnmọ́ jù, lẹ́ńsì yìí kò lè ṣí ju f/5.6 lọ (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ẹnu lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó). Fíláàṣì ara kámẹ́rà sì ń sọ ojú gbogbo èèyàn di funfun báláú (gèlè nìkan ló ń jẹ̀gbádùn rẹ̀).

Lẹ́ńsì 50mm f/1.8 á gba ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n lórí 700D, bíi 80mm ló máa rí, á fa nǹkan súnmọ́ jù. Níbo ni mo fẹ́ fà sẹ́yìn sí tí ẹbí bá tò? Fíláàṣì ńlá tó ṣeé yí sókè, kí iná rẹ̀ lè lu àjà padà sára èèyàn, náà wù mí, àmọ́ àjà gbọ̀ngàn kan ga, ti òmíràn dúdú.

Agbára mi kò ká méjèèjì. Fún àríyá alẹ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ rà? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú o.